Ilé Olósùn ní Ìdí-Àpáta

Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́njú tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. A máa ń pa á fún ọmọ tó ń sùn nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. A máa ń pa á fún ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ sọ ibi tí àgbàrá náà ti ṣàn wá fún mi, àti ẹni tí onílé náà í ṣe, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí wo òkè àjà. Ẹ má wo òkè mọ́. Obìnrin ni onílé náà, ẹnu rẹ̀ kò sì dára rárá.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àpáta. Ogun ni ẹni tó tẹ ìlú náà dó ń sá fún tó fi rí àpáta gàgàrà kan. Inú rẹ̀ dùn, ó ní bí òun bá fi ẹ̀yìn ti àpáta yìí, ọ̀tá kò ní lè gba ẹ̀yìn wọlé mọ́ òun. Òótọ́ ló sọ, ọ̀tá kò gba ẹ̀yìn wọlé rí. Omi ni kò sí ẹni tó sọ fún pé ẹ̀yìn kò ṣeé gbà. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ló ń dà gììrì sínú ìlú, a sì máa gbé ewúrẹ́, a máa gbé odó, a máa gbé àga àti ẹni tó jókòó sórí àga.

Àwọn ará ìgbàanì kì í ṣe òmùgọ̀. Ọba wọn kan ṣe òfin pé ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdọọdún, kí òjò tó mú ilẹ̀ dáadáa, Ọ̀dọ̀fin, ìjòyè tó ń mójú tó ilé àti ọ̀nà, yóò máa gbé igbá méjì lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹfun wà nínú ọ̀kan, osùn wà nínú èkejì. Yóò bi onílé pé, “Onílé, ǹjẹ́ ilé yìí yóò gba òjò ọdún yìí?” Ẹni tó bá ní ilé òun yóò dúró, ẹfun funfun ni Ọ̀dọ̀fin yóò fi sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ó lè wó, osùn pupa ni. Gbogbo géńdé ìlú yóò sì ṣe ọ̀wẹ̀ sí ilé olósùn. Wọn yóò gbẹ́ kòtò tí àgbàrá yóò gbà kọjá, wọn yóò fi òkúta ti ìdí ògiri rẹ̀. Onílé ni wọ́n ń bi, nítorí ẹni tó ni ilé ló mọ ibi tó ti ń jò. Òfin tó dára gan-an ni. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé àwa Yorùbá ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ bi ọmọ Yorùbá pé ṣé ilé rẹ̀ yóò wó, kí ẹ wá wo nǹkan. Yóò fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, yóò ta ìka nù. “Elédùmarè má jẹ̀ẹ́! Kò ní wó! Ilé ọ̀tá mi ni yóò wó!” Ọ̀dọ̀fin náà kì í ṣe ará ọ̀run, etí rẹ̀ kò lè gbọ́ àdúrà kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. “Àṣẹ!” ni yóò wí, yóò sì tọwọ́ bọ ẹfun. Ògiri lè tẹ̀ bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ẹfun ni yóò gbà.

Ìtìjú tún wà ńbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí a fi osùn kun ilẹ̀kùn òun lójú ìlú? Ìyá tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ yóò rí i, yóò ní, “Ṣé ibi tó fẹ́ wó yìí ni ọmọ mi yóò ti máa dọ̀bálẹ̀ fún àna?” Yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, gbogbo ilé ní Ìdí-Àpáta wá di ilé tí kò lè wó láéláé, àfi bí òjò bá rọ̀. Osùn inú igbá kejì gbẹ, ó sán, ó di òkúta. Ọ̀dọ̀fin kàn ń gbé e kiri nítorí pé bàbá rẹ̀ gbé e kiri ni.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Akínlàjà ló wà lórí oyè Ọ̀dọ̀fin. Ó sanra, ó mọ̀rọ̀ sọ, ó sì fẹ́ràn àdúrà ju oúnjẹ lọ, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé kò fẹ́ràn oúnjẹ. Ilé tirẹ̀ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Yóò dúró síta, yóò béèrè ní ohùn ìjòyè pé, “Onílé, ǹjẹ́ ilé yìí yóò gba òjò ọdún yìí?” Yóò wọlé, yóò dáhùn ní ohùn onílé pé, “Kò ní wó láéláé!” Yóò tún jáde síta wá ṣe àṣẹ. Àwọn ìyàwó rẹ̀ a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ilé Àwẹ̀ró ló fi ń parí rẹ̀, torí òun ló kángun sí àpáta. Opó ni Àwẹ̀ró. Lọ́dún tó ṣáájú, Àjàgbé ọkọ rẹ̀ ló dá Ọ̀dọ̀fin lóhùn lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àjàgbé mọ̀ pé omi ti jẹ ìdí ògiri ẹ̀yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ó wo Ọ̀dọ̀fin, ó wo àwọn aládùúgbò tó ń na ọrùn, ojú tì í, ó ní, “Kò ní wó.” Gbogbo wọ́n ṣe àṣẹ. Ìgbà tí òjò dé tí ògiri ń lọ, Àjàgbé gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n jáde, ó sì tún padà wọlé lọ mú ẹní ìyá náà. Ibẹ̀ ni ògiri bá a sí. Ènìyàn dáadáa ni Àjàgbé, ó sì ń dùn mí di òní pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló pa á.

Inú yàrá ẹ̀yìn yẹn náà ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n sì tún ògiri náà mọ síbi tó wà. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé òun kúrò níbẹ̀, kó kọ́kọ́ wá hú Àjàgbé. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, arúgbó náà kọ̀ jálẹ̀. Omi sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ìdí ògiri tuntun. Bó bá wó, orí Ìyá Àgbà ni yóò wó lé. Àwẹ̀ró nìkan kò sì lè gbẹ́ kòtò tí yóò yí omi àpáta padà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn nígbà tí Ọ̀dọ̀fin gbé igbá méjèèjì dé.

“Onílé, ǹjẹ́ ilé yìí yóò gba òjò ọdún yìí?” Ọwọ́ Ọ̀dọ̀fin ti wà nínú ẹfun kó tó béèrè tán.

“Rárá o,” ni Àwẹ̀ró wí. “Yóò wó.”

Láti inú yàrá ẹ̀yìn, Ìyá Àgbà, tí etí rẹ̀ ti di díẹ̀ ṣùgbọ́n tó mọ̀ pé ọjọ́ ẹfun ni, fi gbogbo agbára rẹ̀ ké pé, “Àṣẹ o!”

Àwọn aládùúgbò fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan nínú wọn sá lọ, ó gbàgbé ọmọ rẹ̀ tó ń sùn síbẹ̀.

“Àwẹ̀ró, bóyá oòrùn ló pa ọ́,” ni Ọ̀dọ̀fin wí. “Tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ.”

“Mo ní yóò wó, Baba. Ẹ wá wo ìdí ògiri, ọwọ́ yín á wọ ibẹ̀ dé ìgúnpá.”

“Mi ò bi ògiri. Ìwọ ni mo bi. Ṣáà sọ pé kò ní wó, ká lè lọ jẹun.”

“Àjàgbé ti bá yín sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ẹ sì rí bó ṣe já sí. Osùn ni kí ẹ fún mi.”

“A kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wálé!”

“Mi ò pè é, Baba. Ó mọ̀nà ilé mi tipẹ́. Ó mọ̀nà ilé tiyín náà.”

Ọ̀dọ̀fin gbé ẹfun sílẹ̀, ó na ìka sínú igbá osùn. Ìka kò wọ̀ ọ́. Ó fi èékánná họ ọ́, èékánná ṣẹ́. Àwẹ̀ró wọlé, ó bu omi wá, ó dà á sí i, ó sì bá a di etí igbá mú títí osùn fi rọ̀. Báyìí ni ilẹ̀kùn kan ṣe pupa ní Ìdí-Àpáta, tí ọmọdé kò mọ ohun tó jẹ́, tí àgbà sì ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí i.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Àwẹ̀ró ti fi ilé ara rẹ̀ gégùn-ún. Àwọn kan ní kó wá ṣe ètùtù. Àwọn kan ní kí wọ́n fi iyọ̀ fọ ẹnu rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Ọba wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, oorun ló fẹ́ràn. Ó béèrè ohun tí òfin wí. Wọ́n ní òfin wí pé kí gbogbo géńdé ìlú ṣe ọ̀wẹ̀ sí ilé olósùn.

“Olósùn mélòó la ní?”

“Ẹyọ kan ni, Kábíyèsí.”

“Ọ̀wẹ̀ náà kò ní pẹ́ nìyẹn,” ni ọba wí, ó sì padà lọ sùn.

Bí gbogbo ọkọ́ tó wà ní Ìdí-Àpáta ṣe kóra jọ sẹ́yìn ilé obìnrin kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn géńdé ń kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò láti ìdí àpáta, wọ́n fi yí ilé náà po, wọ́n sì là á dé odò. Wọ́n yí òkúta ti ìdí ògiri. Àwẹ̀ró se ẹ̀wà fún wọn, ó sì fi èébú ṣe ìpanu lé e. Ẹni tí kòtò rẹ̀ kò bá jìn, yóò bi í pé ṣé eèrà ló fẹ́ sin síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ yáa pe osùn nígbà tí ọkọ́ ṣì wà níta,” ni Àwẹ̀ró pè sí wọn. “Kí wọ́n bá yín gbẹ́ tiyín.”

“Elédùmarè má jẹ̀ẹ́! Kò ní wó!”

“Àṣẹ o!” ni Ìyá Àgbà ké láti inú ilé.

Òjò náà dé lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ ọjà. Ìjì ló kọ́kọ́ gbá àwọn àtẹ dànù, lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run dúdú, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí ya bọ̀ láti orí àpáta. Apá kan rẹ̀ já sínú kòtò Àwẹ̀ró, ó yí ilé náà ká, ó gba odò lọ. Apá kejì gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ nǹkan kan sí, ó sì wọ àárín ìlú. Àwẹ̀ró jókòó sórí ẹní pẹ̀lú Ìyá Àgbà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ti ògiri. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ń gbọ́ omi tó ń hó lẹ́yìn òkúta, ó ń dúró de ìgbà tí amọ̀ yóò rọ̀ lẹ́yìn òun. Amọ̀ kò rọ̀.

Bí òjò ti ń lọ lọ́wọ́, ó gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀fin ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, gbogbo wọn tutù rinrin. Ọ̀dọ̀fin ru ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sórí, ó fi ń gba òjò. Ilẹ̀kùn náà nìkan ló kù nínú ilé rẹ̀. Òjò ń fọ ẹfun ara rẹ̀, ẹfun náà sì ń ṣàn bọ̀ lójú ìjòyè, títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun báláú.

“Ẹ wọlé,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹ fi ilẹ̀kùn yín síta, mo ní tèmi.”

Ìyá Àgbà gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò, inú rẹ̀ dùn. “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ilé kò ní wó o!”

Ọ̀dọ̀fin la ẹnu. Àṣẹ kò jáde.

Ẹ ó rò pé ọkùnrin tó yá iná opó, tó sì jẹ ẹ̀wà tó kù sínú ìkòkò rẹ̀, yóò dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí aṣọ rẹ̀ gbẹ tán, ó pè é lẹ́jọ́.

Ààfin kún dẹ́nu lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ilé Ọ̀dọ̀fin nìkan ló wó, gbogbo ẹni tí tirẹ̀ wó ló sì ń wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Kò sí ẹni tó kú, ọpẹ́ ni, nítorí ọjà ni gbogbo wọn wà. Ọ̀dọ̀fin dìde, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti ń múra rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà lábẹ́ òrùlé ẹni tó ń pè lẹ́jọ́.

“Kábíyèsí, gbogbo wa la ní kò ní wó. Obìnrin yìí nìkan ló darúkọ ibi. Ó pè é, ó dé. Ìgbà tó dé, obìnrin yìí ti gbẹ́ kòtò dè é, kò jẹ́ kó wọlé. Àlejò tí ó pè, ṣé ó yẹ kó jẹ́ ilé mi ni yóò wá sùn sí?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ pé kí wọ́n lé Àwẹ̀ró jáde nílùú. Bí wọ́n bá lé e, Ìyá Àgbà kò ní tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò bu omi fún un. Àwẹ̀ró mọ èyí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba.

“Àwẹ̀ró,” ni ọba wí, “ṣé ìwọ lo pe àgbàrá?”

“Kádé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ẹ bi onílé, onílé ṣàdúrà. Ta ló bi àgbàrá? Nínú ẹ̀yin tó wà níbí, ta ló gbọ́ nígbà tó ní òun ò ní wó ilé Ọ̀dọ̀fin? Àbí ó bá yín ṣe àṣẹ?”

Ó yí ojú sí èrò.

“Kò bá ọkọ mi náà ṣe é. Àjàgbé ní kò ní wó, gbogbo yín ní àṣẹ, àgbàrá nìkan ni kò dáhùn. Ẹ bá mi sin ín, ẹ lọ sílé yín. Èmi ni mò ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láràárọ̀ tó ń kí ilẹ̀ pé o jíire.” Ó gbójú sókè wo ọba. “Mi ò pè é, Kábíyèsí. Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé. Èmi onílé ni mi ò gbà fún un.”

Ọba kọjú sí Ọ̀dọ̀fin. “Akínlàjà, ǹjẹ́ osùn yẹn ṣì kù?”

“Ó kù, Kábíyèsí.”

“Gbé e wá.”

Ọba dìde, ọba tí kì í dìde. Ó rìn lọ sẹ́yìn ààfin, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún ìdí ògiri, ọ̀pá wọlé ṣìì bí ìgbà tí a tọwọ́ bọ ẹ̀kọ gbígbóná. Ó tọwọ́ bọ osùn, ó fi kun ògiri ààfin, ó ní, “Ògiri yìí yóò wó.”

Àwọn ìjòyè, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ẹnu wọn mọ̀, ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Àṣẹ!”

Ọba ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo omi náà ni ti ẹ̀rín.

Nígbà tí oṣù Ẹrẹ́nà tún dé, ẹfun ló gbẹ, osùn ni kò tó. Àwọn ìyàwó tuntun ń ráhùn pé àwọn kò rí osùn fi para mọ́, ilẹ̀kùn ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn ìyá tó ń wá ìyàwó fún ọmọ bá rí ilẹ̀kùn funfun, wọn á ní ilé òpùrọ́ nìyẹn, wọn á kọjá. Akínlàjà tún ilé rẹ̀ kọ́. Ó dúró síta, ó béèrè ní ohùn ìjòyè. Ó wọlé, ó dáhùn ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ó lè wó o,” ó jáde wá tọwọ́ bọ osùn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá Àgbà kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ojú oorun ló kú sí, lórí ẹní rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ògiri tó wà lórí àwọn méjèèjì ṣì dúró.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tí ewu ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó jókòó tẹtẹrẹ tó ń wí pé kò ní ṣẹlẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ, tó ń retí kí ojú ti ẹni tó fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ, òwe yìí ni wọn yóò pa fún un: àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Wọn kò ní kó má gbàdúrà. Kó gbàdúrà dáadáa, kí a bá a ṣe àṣẹ, kó wá bọ́ síta kó lọ gbé ọkọ́.